Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń payín keke lójú oorun

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Tí páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń dùn yín bẹ́ ẹ bá jí, tàbí tí ẹnìkejì yín ń ṣàròyé ariwo eyín yín lóru, ẹ dín obì àti kọfí kù láti ọ̀sán lọ. Ọtí náà ń dá kún un.

Lójúmọmọ, ẹ máa ṣọ́ ẹnu yín: kí ètè padé, ṣùgbọ́n kí eyín òkè má kan ti ìsàlẹ̀. Bébà pélébé ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù tèmi kí n lè máa rántí.

Bí orí eyín bá ti ń jẹ, dókítà eyín ló kù. Wọ́n á wọn ẹnu yín, wọ́n á ṣe ìbòrí eyín oníke tẹ́ ẹ ó máa fi sùn. Àwọn kan máa ń sọ pé aràn ló ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sáré ra oògùn aràn ṣá!