Iṣẹ́ Abẹ Kan, Owó Méjì: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Káàdì Ìlera

Ohun tó bí mi nínú ni ₦150,000 tí akápò ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ní kí n san kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọ mi ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, orúkọ èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa sì wà lábẹ́ NHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba. Iye yẹn náà ni bàbá kan tó jókòó tì mí san fún ọmọ tirẹ̀, nítorí pé kò ní káàdì, wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀.

Èmi tí mo ní káàdì ni wọ́n ní kí n dúró de kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, bí n kò bá fẹ́ san. Oṣooṣù ni HMO, ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìtọ́jú wa lábẹ́ NHIA, ń san iye kan lórí wa fún ilé ìwòsàn kékeré tí a forúkọ sílẹ̀ sí, yálà a ṣàìsàn tàbí a kò ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti ilé ìwòsàn ńlá, àfi kí HMO fi kóòdù ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àwọn yóò rí owó gbà. Òṣìṣẹ́ ìdí tábìlì ní òun ti béèrè fún un, HMO ní àwọn kò rí nǹkan kan. Mo pè títí, orin ni mo ń gbọ́. Bí ọmọ bá ti sunkún báyìí, ìpá náà á yọ síta, ọkàn mi á sì já.

NHIA ti pàṣẹ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2025, HMO kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kí ó tó fi kóòdù ránṣẹ́. Mo ya àwòrán ìbéèrè náà pẹ̀lú aago tó wà lórí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí HMO, mo sì kọ àṣẹ náà sí i lábẹ́. Kóòdù tí wọ́n ní kò sí dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà!

Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ abẹ náà. Oògùn ₦12,000 ni wọ́n kọ fún wa, mo san ₦1,200, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá yẹn san gbogbo tirẹ̀ pé. (Ìyá mi kò sí lórí káàdì yìí, owó ọwọ́ ni mo fi ń tọ́jú wọn, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń dùn ún.)

Ẹ má ṣe san owó àsansílẹ̀ kí ẹ tó gba àkọsílẹ̀ aago tí wọ́n béèrè kóòdù. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ owó oògùn sọ́tọ̀ nínú ìwé owó kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí orí oògùn ni ìdá mẹ́wàá yẹn wà.