Bí a ṣe ń ya marketing sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà títà: gàrí Ìjẹ̀bú la ó fi ṣe é

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta gàrí Ìjẹ̀bú, kó má tíì ra àpò kankan. Ìgbà tí oníbàárà bá dúró tì yín, tí ẹ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni títà. Gbogbo ohun tó gbé e débẹ̀ ni marketing, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí gàrí tó wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ tà fún. Ẹni tó ń fi omi tútù mu ún ń wá èyí tó kan, tó gbẹ, tí kì í tètè wú. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà fẹ́ kó wú dáadáa. Ẹ mú ọ̀kan.

Ìbéèrè tí kò tọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀pọ̀ á bi ará ilé pé, "Bí mo bá kó gàrí dé, ṣé ẹ máa rà á?" Ta ló máa wí fún yín lójú pé òun ò ní rà? Ojú ń tì wọ́n ni, àwìn ni wọ́n á sì gbà tó bá yá. Ohun tí wọ́n ti ṣe rí ni kí ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti ra tilé yìí? Kóńgò mélòó? Kí ló bí yín nínú níbẹ̀?" Ìkẹyìn yìí lolórí. Ẹ ó gbọ́ ti iyanrìn, ti gàrí tó rin, ti kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé tó, ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà.

Ẹjọ́ tí wọ́n bá rò jù ni kí ẹ fi ra ọjà, òun náà ni kí ẹ fi polówó. Bó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí sínú ife tó mọ́ gaara, ẹ bomi sí i dáadáa, ẹ rò ó, kí ẹ rọra da gàrí orí rẹ̀ kúrò. Bí iyanrìn bá wà, á ṣẹ́kù sídìí ife. Bí kò bá sí, ẹ gbé fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp. Ó ju "gàrí aládùn wà o" lọ. Bó bá jẹ́ gàrí tó rin ni wọ́n ń ráhùn lé lórí, ẹ má di gàrí tó ṣì gbóná sínú ọ̀rá: á làágùn, á sì bu.

Títà ò gùn: ẹ jẹ́ kí oníbàárà tọ́ ọ wò, ẹ dárúkọ iye, ẹ gbowó, ẹ fi ènì sí i. Ènì sàn ju ẹ̀dínwó lọ, torí iye tí ẹ bá gé lónìí ni wọ́n máa dúró lé lọ́la.

Bí ọjà ò bá wá yá, ẹ má sáré gé owó. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yà, marketing ló kù síbì kan. Bí wọ́n bá ń yà, tí wọ́n ń tọ́ ọ wò, tí wọ́n sì ń lọ, níbi títà ló ti bàjẹ́: ẹ wo kóńgò yín, ẹ wo bí ẹ ṣe ń dáhùn, kí ẹ tó wo iye.