Irun Tó Ń Bọ́ Lẹ́yìn Ìbímọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Orí Yín Títí Yóò Fi Padà

Ọmọ mi kejì ti lé díẹ̀ ní oṣù 3 lọ́jọ́ tí mo tú irun mi, tí mo fi òòyà sí i, tí irun sì kún òòyà náà bí òwú. Mo tún un yà, òmíràn tún bá a jáde. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ bá onídìrí pé kó fi àtaṣímẹ́ǹtì di í fún mi, kó fà á dáadáa, kí awọ orí tó ti ń hàn lè bò. Irun tó bọ́ nítorí ọmọ ti padà kí ọmọ náà tó lo ọdún kan àbọ̀. Èyí tí dídì yẹn fà tu ní ẹ̀bátí mi lápá òsì kò tíì padà tán títí dòní. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Irun tí ìbímọ bá gbà lọ, fúnra rẹ̀ ló máa ń padà. Ohun tí a bá fi orí ṣe nígbà tí a ń dúró dè é ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka oṣù

Irun orí kì í hù lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀: á hù fún bí ọdún 2 sí 6, á sinmi fún bí oṣù 3, á bọ́, òmíràn á sì hù rọ́pò rẹ̀. Lójoojúmọ́, fọ́nrán 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, a kì í sì í mọ̀.

Nígbà oyún, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí irun tó yẹ kó lọ sinmi lọ. Ìdí nìyẹn tí irun aboyún fi máa ń kún. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù yẹn já wálẹ̀, gbogbo irun tó ti jẹ gbèsè ìsinmi á wá lọ sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn bí oṣù 3, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ, kí ẹ fi ka oṣù. Láàárín oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹrin. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 bọ́ sí àárín àsìkò yìí gẹ́lẹ́. Bí irun yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nígbà tí ẹ ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ yẹn, oṣù bára mu, ẹ fọkàn balẹ̀. Irun ọ̀pọ̀ obìnrin á ti kún padà tí ọmọ bá fi pé ọdún kan. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ ti pé oṣù 10 kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ìyẹn ní ìdí mìíràn, ẹ lọ wádìí rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ ló ń fa irun mu. Obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá, irun tirẹ̀ náà ń bọ́. Ẹ má tìtorí irun já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ẹ wo irun tó bọ́ sọ́wọ́ yín

Irun tó bọ́ yàtọ̀ sí irun tó já. Ẹ ṣa bí fọ́nrán mẹ́wàá lára òòyà, kí ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ, dúdú bí irun yín bá ti funfun, funfun bó bá ṣì dúdú. Èyí tó gùn bí irun orí yín, tó sì ní kókó funfun tín-ín-rín lórí kan, láti gbòǹgbò ló ti bọ́. Irun ìbímọ nìyẹn. Èyí tó kúrú, tí kò ní kókó kankan, ṣe ló já: gbígbẹ ló já a, tàbí rílásà, tàbí òòyà tí a fi agbára fà. Ọ̀pọ̀ wa ló ní méjèèjì pọ̀, ẹ̀yìn èyí tó ń bọ́ ni èyí tó ń já máa ń sá pa mọ́ sí.

Ẹ tún wo ibi tó ti ń fẹ́lẹ́. Ti ìbímọ máa ń kárí orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú àti ẹ̀bátí méjèèjì ló máa ń hàn jù. Bó bá jẹ́ ojú ibi tí ìdirun ti ń fà nìkan ló ń pá, ìdirun ni kí ẹ bi.

Ẹ máa yẹ ìka ọmọ wò

Ọ̀pọ̀ kì í sọ èyí fún ìyá ìkókó, ó sì ṣe pàtàkì ju irun fúnra rẹ̀ lọ. Fọ́nrán irun ìyá lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ, ìka ọwọ́ rẹ̀, tàbí okó ọmọkùnrin, kó sì fún un pinpin tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní í lè kọjá. Inú ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ ọmọ ló máa ń fara pamọ́ sí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, ẹ dojú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé, kí ẹ sì la àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ń ké tí ọmú kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìka tó wú, tó pọ́n tàbí tó ń dúdú, tí ẹ kò sì rí orí irun náà mú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ dẹ irun yín

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí irun bá fẹ́lẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá síni lọ́kàn ni kí a dì í bò. Ẹ wò ó báyìí: ìdì kan tí fọ́nrán 20 ń gbé tẹ́lẹ̀, 12 ló wá ń gbé e, ẹ sì tún wá so àtaṣímẹ́ǹtì mọ́ ọn. Bí fífà yẹn bá pẹ́ títí, gbòǹgbò irun ibẹ̀ á kú, awọ á dán, irun kò sì ní í hù níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá tètè dẹ̀ ẹ́, ó ṣì lè padà. Bó bá ti di ọdún púpọ̀, oògùn kankan kò dájú.

Ẹ má lo àtaṣímẹ́ǹtì títí ọmọ á fi pé bí oṣù 9. Ẹ fi ṣùkú sílẹ̀ ná, torí láti etí irun ló ti ń fa gbogbo orí lọ sókè. Kòlẹ́sẹ̀ tí ojú rẹ̀ tóbi, tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti etí irun gan-an, sàn jù. Òwú náà dára gan-an, àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: bí ẹ bá fi kó irun láìfún ìdí rẹ̀, kì í jẹ́ kí irun gbẹ, kì í sì í já a. Bí ẹ bá fẹ́ gé e mọ́lẹ̀, ẹ gé e. Irun kúkúrú kì í ṣe àbùkù abiyamọ.

Kí ẹ tó jókòó sórí àpótí, ẹ sọ fún onídìrí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó fi irun kéékèèké iwájú sílẹ̀, kó má fi jẹ́ẹ̀lì kó o mọ́ ìdì. Bó bá ń dùn yín, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀. Irun tí a tìtorí rẹ̀ mu parasítámọ̀ sùn ti fún jù. Bí kókó kéékèèké bá sú yọ létí irun lọ́jọ́ kejì, ẹ tú u, ì báà jẹ́ pé owó ńlá lẹ san. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Èmi kò tú tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo gbé e sórí.

Wíìgì kò burú bí kò bá ní gọ́ọ̀mù, tí kò sì fún; ẹ máa ṣí i bí ẹ bá ti délé. Gèlè náà, ẹ má wé e le koko mọ́ ẹ̀bátí láti òwúrọ̀ ọjọ́ ìkómọ títí di alẹ́. Rílásà, ẹ jẹ́ kó sinmi títí irun á fi dẹ́kun bíbọ́.

Ẹ má bẹ̀rù omi

Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fọ orí mọ́ nítorí irun tó ń kún ọwọ́. Irun yẹn ti bọ́ tẹ́lẹ̀, inú orí ló kàn há sí. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ fún oṣù kan, gbogbo rẹ̀ á jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rù á sì bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì síra pẹ̀lú ṣámpú, kí ẹ fi kọ̀ndíṣọ́nà sí i, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Nígbà tó ṣì tutù, òòyà tí eyín rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ fi yà á, láti ṣóńṣó irun bọ̀ wá sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi òrí tàbí òróró àgbọn díẹ̀ pa á. Òrí kì í hu irun, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó ń hù ú ń tajà ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí irun gbẹ títí á fi já, ìyẹn sì tó.

Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ yín àti abọ́ oúnjẹ yín

Ẹ̀jẹ̀ tó dà nígbà ìbímọ kó áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ lára, irun sì wà lára ohun tí ara máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀ bí èròjà yìí bá dín kù. Ọjọ́ tí a bá bímọ ni ọ̀pọ̀ wa ń da oògùn ẹ̀jẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìyá ọmọ lè lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí wọ́n bá yẹ PCV yín wò, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, tó dára, tí irun kò sì dáwọ́ dúró, ẹ ní kí wọ́n tún yẹ ferritin wò, èyí tó ń fi áyọ́ọ̀nù tí ara fi pamọ́ hàn, torí ìṣúra áyọ́ọ̀nù lè ti tán kí PCV tó já wálẹ̀.

Ògì tí a ń mu kí ọmú lè wá kò lè dá irun gbé. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀dọ̀, ìgbín àti ẹ̀fọ́. Pọ̀nmọ́ kò ṣe iṣẹ́ ẹran. Ẹ jẹ ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kí ẹ tó mu ún.

Ní ti oògùn irun: ẹ má fi minoxidil pa orí nígbà tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú bí dókítà kò bá fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí biotin, irú fítámì kan, wà nínú rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín, torí ó lè ba èsì àyẹ̀wò jẹ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Bí ọmọ bá ti lé lọ́dún kan tí irun ṣì ń bọ́. Bí ó bá pá ní òbìrípo-òbìrípo, tàbí tí awọ orí ń yún, ń ta tàbí ń ṣe egbò. Bí àtàrí bá ń pá, tó ń fẹ̀ sí i. Bí àyà yín bá ń lù kìkì, tàbí tó ń rẹ̀ yín ṣáá tí òtútù sì ń mú yín níbi tí àwọn yòókù ti ń làágùn: táírọ́ọ̀dì, tó wà níwájú ọrùn, máa ń ṣàìsàn lára àwọn obìnrin kan láàárín ọdún kan tí wọ́n bímọ.

Ọ̀kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀ rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀púpọ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, tí omi ọmú kò wá, tí nǹkan oṣù kò padà, tí irun abíyá àti ti abẹ́ náà sì ń bọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún dókítà bí mo ṣe tò ó yìí. Ẹ̀yà ara kan nínú agbárí tó ń darí họ́mọ́ọ̀nù lè ti fara gbá ẹ̀jẹ̀ tó dà náà, ó sì ní ìtọ́jú.

Bí irun kéékèèké bá yọ

Ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí kẹjọ, ẹ máa rí irun kéékèèké tó nàró létí iwájú, tí kò gbọ́ràn sí òòyà lẹ́nu. Irun tuntun ni. Bíi sẹ̀ǹtímítà kan ló ń gùn lóṣù, nítorí náà ẹ máa ya fọ́tò iwájú orí yín ní ọjọ́ tí ọmọ bá pé oṣù, kí ẹ má fi ojú inú wọ̀n ọ́n. Ẹ má dì í mọ́ àwọn yòókù títí tí yóò fi lè yí ìka yín po lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá onídìrí, kí ẹ sì tún sọ fún un pé kó má fà á.