Earth Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kùn Lọ́dà

Volkswagen Ìjàpá tàbí Peugeot 504 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dọ̀ pánẹ́bítà máa ń dán gbinrin, àmọ́ iná rẹ̀ lè burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀dà ló fà á. Bọ́dì ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì, ọ̀nà àbọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní earth, ọ̀dà kì í sì í gbé iná. Bí wọ́n bá ti fọ́n ọn bo ojú tí bóòtù earth ń jókòó lé, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹ tan tráfíkétọ̀, iná ẹ̀yìn yòókù ń bá a ṣẹ́jú. Ẹ tan iná iwájú, géèjì epo àti ti ooru jọ sún kúrò nípò. Ẹ má tíì ra gílóòbù.

Orí bátìrì tó lọ sí earth ni ká kọ́kọ́ tú, òun náà la ó dá padà gbẹ̀yìn. Nẹ́gẹ́tíìfù ni lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àmọ́ pọ́sítíìfù ni lára àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, bíi Morris Minor, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ fi sánpépà ha ojú tí bóòtù earth ń jókòó lé títí irin yóò fi funfun, kó má fẹ̀ ju orí lọ́ọ̀gì, irin olójú tó wà lẹ́nu kébù, lọ. Irin tó bá ṣẹ́ kù síta yóò dípẹtà, pàápàá nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà Èkó yìí. Ẹ ha lọ́ọ̀gì náà. Wọ́ṣà eléyín ló ń lọ sáàárín irin àti lọ́ọ̀gì, kí eyín rẹ̀ lè bu méjèèjì jẹ. Ẹ̀yìn tí bóòtù bá ti le tán lẹ ó tó fi gíríìsì tàbí ọ̀dà bò ó.

Kébù bátìrì sí bọ́dì kò gbọdọ̀ tín ju 25 mm² lọ. 35 ló dára jù. Tí ẹ bá ń rà á ní Ládípọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn wáyà kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tí àwọn réwáyà máa ń gbàgbé jù ni ti ẹ́ńjìnnì. Orí síìtì onírọ́bà ló jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní kébù tirẹ̀ sí bọ́dì. Lára Ìjàpá, okùn pẹlẹbẹ alásopọ̀ ni, níwájú jíà bọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná sítátà á wá ọ̀nà gba inú kébù kíláàṣì. Kébù á gbóná, á jó, kíláàṣì á le. Ẹlòmíràn á máa pààrọ̀ kébù kíláàṣì láìmọ̀ pé earth ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ má fi ohm, ìyẹn ojú mítà tó ń wọn ìdènà iná, dán earth wò. Iná tí mítà ń rán kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, bó bá ku okùn wáyà ẹyọ kan ṣoṣo, mítà á ṣì sọ pé kò sí wàhálà. Sítátà ní tirẹ̀ lè fa 150 ampere, nígbà náà 0.01 ohm péré á jẹ volt kan ààbọ̀. Ẹ gbé mítà sí DC volt, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan sórí òpó earth bátìrì gan-an, kì í ṣe kílááǹpù tó di òpó náà mú, kí èkejì wà lára ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan kíìkì ọkọ̀. Bí ó bá kọjá 0.3 volt, ẹ fi ọwọ́ kejì sórí kílááǹpù, lẹ́yìn náà bọ́dì, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ tún ha.