Bí ẹ ṣe lè dá ìbọn Bren ayé ogun mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ogun

Divíṣọ̀n 81 àti 82 ti West Africa, ìyẹn ọmọ ogun Bìrìtìkó tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, Bren ni machine gun tí wọ́n gbé ja ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí náà ó yẹ ká mọ̀ ọ́n tá a bá rí i nínú fọ́tò àtijọ́ tàbí ní mùsíọ̀mù. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí fọ́tò ìbọn tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ogun tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òun ni wọ́n fi jà ní Bọ́mà, àwọn tó jà níbẹ̀ tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni magasíìnì, ìyẹn àpò ọta. Ti Bren, orí ìbọn ló máa ń wà. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Ọta .303 tí Bren ayé ogun ń lò ní ètè ní ìdí, ètè yẹn sì yọ jáde ju ara ọta lọ, tẹ́ ẹ bá wá to wọn léra ìdí á fẹ̀ ju orí lọ, gbogbo ẹ̀ á wá tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí nìyẹn tí magasíìnì ẹ̀ fi tẹ̀ síwájú gan-an. Ọgbọ̀n ọta ló ń gbà àmọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn sójà sábà máa ń kì sí i kó má baà há. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè NATO fẹnu kò lórí ọta 7.62 tí kò ní irú ètè yẹn, Bìrìtìkó tún Bren ṣe kó lè máa lo ọta tuntun, wọ́n sì pè é ní L4. Ti L4, magasíìnì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ ni, ìtẹ̀ ẹ̀ kéré.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ lọ sí ẹnu ìbọn. Ti Bren .303 fẹ̀ síta níwájú bí àrọ, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. L4 ò ní àrọ yẹn, ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ gún tààrà, wọ́n sì la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára, ó jọ ti SLR, ìyẹn ìbọn tí sójà Bìrìtìkó gbé lẹ́yìn ogun. Tí magasíìnì àti ẹnu ìbọn bá sọ ohun kan náà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́.

Àmọ́ ní Bọ́mà ìṣòro mìíràn wà o. Àwọn ará Japan náà ní machine gun tiwọn, Type 96 àti Type 99, magasíìnì tiwọn náà wà lórí ó sì tẹ̀, lójú fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa èèyàn á ní Bren ni. Ẹ wo ọ̀pá ìbọn: ti Bren dán lara, àmọ́ ti Japan ní òrùka òrùka yí i ká. ZB 26 ti Czechoslovakia tí wọ́n ti mú Bren jáde náà ní òrùka bẹ́ẹ̀, àmọ́ ogún ọta ni magasíìnì ẹ̀ ń gbà, ó sì gún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mk I, ìyẹn Bren àkọ́kọ́, ni tàbí Mk II tó tẹ̀ lé e, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ìbọn tí wọ́n fi ń fojú sun ohun tí wọ́n fẹ́ yìn. Mk I tí ilé iṣẹ́ ìbọn Enfield bẹ̀rẹ̀ sí ní ṣe lọ́dún 1937 ní nǹkan roboto kan lápá òsì tí wọ́n ń yí, ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú ẹ̀ sì ṣeé fà gùn. Mk II tó dé lọ́dún 1941, wọ́n mú un rọrùn kí iṣẹ́ lè yá, èyí tí wọ́n ń gbé dìde ló ní, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì ṣeé fà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ nìkan dájọ́, torí tí ìbọn bá ti bàjẹ́ lójú ogun, ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ lẹ tó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára irin. Enfield ní Bìrìtìkó, Inglis ní Toronto, Lithgow ní Australia, Ishapore ní India, gbogbo wọn ló ṣe Bren. Inglis tiẹ̀ ṣe èyí tó ń lo ọta 7.92 fún Ṣáínà, ẹ máa rí lẹ́tà Ṣáínà lára ẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ sí i nìkan ò tó o, torí ara ìbọn ayé ogun ni wọ́n fi ṣe àwọn L4 yẹn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí 1944 lára irin tí magasíìnì sì nà gbọọrọ, L4 ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ojú ni kí ẹ fi wò ó o, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú ilé àtijọ́ kan, ẹ pe ọlọ́pàá, òfin Nàìjíríà ò gbà kí ará ìlú ní machine gun lọ́wọ́, ọta sì lè ṣì wà nínú ẹ̀.