Iṣẹ́ pátí-táìmù fún akẹ́kọ̀ọ́ nílùú òyìnbó: ìbéèrè láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ka másítà mi, iṣẹ́ pátí-táìmù ni mo sì fi ń jẹun níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, kì í sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í bi mí nípa rẹ̀: ẹni tó ń retí físà, ẹni tó ti débẹ̀ tí owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, òbí tó ń ṣírò. Ìdáhùn mi rèé. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti dé. CV tí mo fi ránṣẹ́ lé ní ọgọ́ta, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Mo ka CV tó o fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú ìwé mẹ́rin ni, ọjọ́ ìbí rẹ wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ rẹ, ẹ̀sìn rẹ, fọ́tò rẹ, títí dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó o lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Lọ́hùn-ún, wọn kì í béèrè ìyẹn. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kó mọ ní ojú ìwé méjì.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni ohun tó o kò kọ. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé láti JSS 2 lo ti ń bá màmá yín ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba? Ìwọ lo ń ka owó nírọ̀lẹ́, ìwọ lo ń mọ̀ bí ọjà bá ti fẹ́ tán nínú àpò, ìwọ lo ń pẹ̀tù sí oníbàárà tó ń bínú nínú. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ohun tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń wá gan-an sì ni. Kọ ọ́ sókè pátápátá, pẹ̀lú iye ọdún tó o fi ṣe é. Má fi irọ́ kankan lé e.

Má sì jókòó ti fóònù. Láti oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń wá ènìyàn sílẹ̀ de Kérésìmesì, tí ọdún bá sì yí, wọ́n á dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń pọ́n ẹni tó bá dé ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ ilé oúnjẹ lọ fúnra rẹ lọ́sàn-án nígbà tí èrò kò pọ̀, kó o ní o fẹ́ rí ọ̀gá. Inú ọgbà ilé-ìwé rẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀: láíbúrárì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ mímú àlejò yí ọgbà ká. Wọ́n mọ òfin físà rẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ gbà mí, wọ́n ní kí n mú share code wá, ìyẹn kóòdù tí ọ̀gá fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá físà mi gba iṣẹ́. Mi ò sì tíì ní nọ́ńbà National Insurance tí ìjọba fi ń ka owó orí òṣìṣẹ́. Ẹnìkan ní òun á bá mi gba méjèèjì, £80.

Ìdáhùn: Má fún un ní kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, orí ìkànnì ìjọba ni. Inú àkáǹtì eVisa rẹ, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lo ti máa mú share code jáde, 90 ọjọ́ ló sì ń lò. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí nọ́ńbà National Insurance tó jáde, tó o bá ṣáà ti kọ̀wé béèrè fún un. Wọ́n á tún béèrè ìwé tó fi ọjọ́ ìwọlé àti ìsinmi ilé-ìwé rẹ hàn, tètè gbà á sílẹ̀.

Ìbéèrè: Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà mi sọ. Tí mo bá ṣe 28 lọ́sẹ̀ yìí, tí mo ṣe 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kò dọ́gba?

Ìdáhùn: Kò dọ́gba rárá. Láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀. Bó o bá ti kọjá 20 nínú rẹ̀, o ti rú òfin, ọ̀sẹ̀ kejì kò lè tún un ṣe. Tó o bá ní iṣẹ́ méjì, wọ́n á ro wákàtí wọn pọ̀ ni. Ìgbà ooru wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú. Ẹni tó ń ka dígírì àkọ́kọ́ wà nínú ìsinmi nígbà náà, ó lè ṣiṣẹ́ ju 20 lọ. Onímásítà ọlọ́dún kan kò sí nínú ìsinmi, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ló ń kọ, 20 náà ni tirẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Tí ẹnìkan bá sì ní kó o fi orúkọ òun ṣe wákàtí tó kù, sá. Àkáǹtì rẹ̀ ni owó máa wọ̀. Tó bá gbé e jẹ, ta lo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ibòmíràn ní tirẹ̀: Kánádà, 24 lọ́sẹ̀ níta ọgbà ilé-ìwé, láti oṣù kọkànlá 2024, Ọsirélíà, 48 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbéèrè: Ọmọ Oǹdó ni mí, irun dídì ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí ń bẹ̀ mí kí n bá àwọn dirun, owó rẹ̀ sì dáa. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi, torí mo mọ iye ọdún téèyàn fi ń kọ́ irun dídì kó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù. Àmọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba kéèyàn dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí: orí kan ṣoṣo tó o dì gbowó, iṣẹ́ ara ẹni ni. Oúnjẹ gbígbé kiri lórí kẹ̀kẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù ńkọ́? Ọ̀kan náà ni, nítorí wọn kì í sábà ka ẹni tó ń gbé e sí òṣìṣẹ́ wọn.

Ohun tó o lè ṣe ni kó o wá ṣọ́ọ̀bù onírun tó máa gbà ọ́ sí iṣẹ́ bí òṣìṣẹ́, tí wọ́n á fún ọ ní ìwé àdéhùn àti payslip, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ rẹ hàn. Wọ́n wà, pàápàá ní àdúgbò tí àwọn adúláwọ̀ pọ̀ sí. Tó o bá parí ẹ̀kọ́ tó o sì gba físà Graduate, ìyẹn gba iṣẹ́ ara ẹni. Ìgbà yẹn ni kó o kọ orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, oko kòkó mi tó wà lọ́nà Ìdànrè ni mo fẹ́ tà, kí n fi san ìdajì owó ilé-ìwé àbúrò rẹ. Ejẹ́ńtì ní àbúrò rẹ yóò fi iṣẹ́ san ìyókù.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Láti oṣù kẹrin 2026, owó tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.71 ní wákàtí kan. Ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ £254.20 lọ́sẹ̀, bíi £1,100 lóṣù. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba físà, ó gbọ́dọ̀ ní £1,171 fún jíjẹ mímu àti ilé oṣù kan, tí kì í bá ṣe London ló wà. £1,529 ni ní London. Bó bá tilẹ̀ rí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé, tí kò sinmi lọ́sẹ̀ kankan, owó náà kò tó o jẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ owó ilé-ìwé. Ejẹ́ńtì yẹn mọ̀.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gbà kí ọmọ sún ìwọlé rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kó wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé, kó mú lẹ́tà tí wọ́n fún un wá. A máa jọ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó dá ẹni tó fẹ́ ra oko lóhùn.