Báwo la ṣe ń mọ̀ pé gbèsè aráàlú ti kọjá ibi tó yẹ kó wà?

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé gbèsè àwọn ìdílé àti iléeṣẹ́ lórílẹ̀-èdè kan ti di 150% GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín o, torí ohun tó bá ọ̀kan lára mu lè pa èkejì. Ibi tí gbèsè yẹn máa ń wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ lọ sórí sáìtì BIS, ìyẹn báǹkì tí àwọn báǹkì àpapọ̀ jọ ní ní Basel, Switzerland, ọ̀fẹ́ ni dátà wọn. Ẹ mú gbogbo gbèsè ìdílé àti iléeṣẹ́, ì báà jẹ́ báǹkì ló yá wọn, ì báà jẹ́ bọ́ǹdì, ì báà jẹ́ láti òkè òkun, àmọ́ gbèsè ìjọba àti ti àwọn báǹkì fúnra wọn kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá pín in pẹ̀lú GDP. Oṣù mẹ́tamẹ́ta ni nọ́ńbà GDP máa ń jáde, ẹ gbọ́dọ̀ ro mẹ́rin tó kẹ́yìn pọ̀. Ká ní gbèsè jẹ́ 90 tírílíọ̀nù, GDP wá jẹ́ 10, 12, 13 àti 15, àpapọ̀ ẹ̀ 50, ó di 180% nìyẹn. Ẹni tó bá fi 15 yẹn nìkan pín in máa rí 600%, ó máa fi dẹ́rù ba ara ẹ̀ lásán.

Ó wá ku tírẹ́ǹdì, ìyẹn ibi tí gbèsè máa ń wà tẹ́lẹ̀ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Asẹ́ HP (Hodrick-Prescott), ìṣirò tó ń yọ ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ kúrò kí ìlà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lè hàn, la fi ń fà á, lambda ẹ̀, nọ́ńbà tó ń pinnu bí ìlà náà ṣe máa tẹ́jú tó, sì ni 400,000. Wọ́n máa ń lo 1,600 fún ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n ti gbèsè máa ń pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi 4 ìgbà mẹ́rin sọ 1,600 di púpọ̀, 409,600 ni, wọ́n wá gé e sí 400,000. Nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, hpfilter tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ statsmodels ń ṣe é.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀: ẹ má da gbogbo dátà sínú asẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní láti ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ti Spéìn ní 2006, dátà tó parí sí 2006 nìkan lẹ máa fún un, ẹ mú nọ́ńbà tó kẹ́yìn lórí tírẹ́ǹdì, kẹ́ ẹ wá sún síwájú kẹ́ ẹ tún un ṣe. Àwọn tó ń ṣèpinnu ní Madrid nígbà yẹn ò rí 2009, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín rí i. Ẹ sì jẹ́ kó ní dátà ọdún mẹ́wàá nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba èsì ẹ̀ gbọ́.

Ká ní tírẹ́ǹdì jẹ́ 174, 180 yọ 174 ku 6, òun là ń pè ní gáàpù. Nínú Basel III, ìlànà àgbáyé fáwọn báǹkì tó jáde ní 2010, gáàpù tí kò bá tó 2, kò séwu, tó bá dé 10, kí báǹkì fi kápítà, ìyẹn owó tara wọn, tó tó 2.5% dúkìá wọn, bí wọ́n ṣe wọn ewu ẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa tó jẹ́ 6 bọ́ sáàárín gan-an, 1.25% nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún Spéìn lẹ́yìn ìṣubú ẹ̀ o. Gbèsè tí wọ́n jẹ nígbà tí ọrọ̀ ajé ṣì ń dùn ti fa tírẹ́ǹdì sókè, bí gbèsè wá ṣe ń wálẹ̀, gáàpù jìn sísàlẹ̀ òdo fọ́dún gbọọrọ, téwu tuntun bá ń bọ̀, ó máa pẹ́ kó tó ké.

Ẹ tún ṣọ́ GDP fúnra ẹ̀. Lóṣù kẹrin 2014, Nàìjíríà tún GDP kà, ti 2013 fò láti bíi 42 tírílíọ̀nù náírà sí 80, gbèsè tó wà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹnì kan san kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ti Nàìjíríà, dátà World Bank lẹ máa lò, ti ọdọọdún ni, torí náà lambda yín máa padà sí nǹkan bíi 1,600, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wá ọdún tí wọ́n ti so nọ́ńbà tuntun mọ́ ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó fi asẹ́ kàn án.